Ìwé Tó Wà Nílé Ààfáà: Àgbéyẹ̀wò Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìsìláàmù àti Ìtọ́jú Àṣà ní Etíkun Àgbádárìgì

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ Ìsìláàmù sílẹ̀ ní Ibereko, tàbí níbikíbi ní etíkun Àgbádárìgì, dáhùn kó tó ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́: kí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ tọ́jú, ta ni yóò sì máa kà á? Ilé kíkọ́ kò ṣòro fún wa mọ́. Mọ́ṣáláṣí wà káàkiri, ilé-kéwú kún àdúgbò, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá sì ti ní yunifásítì tiwọn: Al-Hikmah ní Ìlọrin àti Crescent ní Abẹ́òkúta láti 2005, Fountain ní Òṣogbo láti 2007, Summit ní Ọ̀fà láti 2015. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ilé tó ń kọ́ni ní Kùránì àti fíkíhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, tó tún ń kó ìwé àfọwọ́kọ, orin, ìtàn ìdílé àti ìṣe àwọn baba wa jọ, tí iṣẹ́ méjèèjì sì ń ti ara wọn lẹ́yìn.

Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n wo ohun tí àwọn tó ti gbìyànjú ṣáájú ṣe ní Àgége, ní Ìlọrin, ní Ìbàdàn àti ní Timbuktu, kí n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Gbogbo rẹ̀ ló mú mi gbà pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò kà, ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú rẹ̀, bó ti wù kí àpótí rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìtàn kẹta ní Àgbádárìgì

Ẹni tó bá wá ṣèbẹ̀wò sí Àgbádárìgì, ìtàn méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Ọ̀kan ni ti òwò ẹrú: ọjà Vlekete, ilé àwọn Mobee, àti ọ̀nà iyanrìn tó gba Gberefu lọ sí etí òkun. Èkejì ni ti àwọn míṣọ́nnárì: Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1842, ìwàásù abẹ́ igi Àgíyà, ilé alájà tí wọ́n parí ní 1845, àti Samuel Ajayi Crowther tó dé ní ọdún yẹn kan náà. Òótọ́ ni ìtàn méjèèjì, ó sì yẹ ká máa sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn kẹta wà, nínú ìlú kan náà, ní sáà kan náà, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè tó.

Ní oṣù Kẹta 1830, ọdún méjìlá kí Freeman tó dé, Richard àti John Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì nígbà tí wọ́n ń lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun. Ìwé ìrìnàjò wọn fi hàn pé wọ́n bá àwọn Mùsùlùmí nílùú náà, tí wọ́n ń ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. A jẹ́ pé wọ́n ti ń kírun ní etíkun yìí kí àwọn míṣọ́nnárì tó gbé Bíbélì débẹ̀.

Ní 1844, ìdílé Sàró kan kó láti Freetown wá sí Àgbádárìgì. Salu ni orúkọ bàbá, ó sì ti ṣe lémọ́ọ̀mù fún àwọn Mùsùlùmí Fourah Bay ní Freetown. Ọmọ rẹ̀ ni Mohammed Shitta. Ìdílé náà padà kó lọ sí Èkó, Shitta ṣòwò lórí odò Ọya, Ọlọ́run sì bù sí i fún un. Òun ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ló ṣiṣẹ́ ọnà ilé náà. Abdullah Quilliam wá láti Liverpool láti ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti Turkey, ó sì gbé oyè Bey lé Shitta lórí. Àwọn ará Èkó ń pe mọ́ṣáláṣí náà ní Shitta-Bey títí di òní. Nígbà tí à ń ka ìtàn ńlá yìí, ẹ jẹ́ ká rántí pé Àgbádárìgì ni Shitta kọ́kọ́ gbé nílẹ̀ baba rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́.

Ó tún kù. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kò fẹ́ rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò yí wọn lẹ́sìn padà. Edward Wilmot Blyden, tí ìjọba Èkó gbà síṣẹ́ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ràn wọ́n lọ́wọ́ láti bá ìjọba sọ ọ́. Báyìí ni ìjọba ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, ní Àgbádárìgì ní 1899. Ìlú mẹ́ta péré, Àgbádárìgì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìjọba kì í dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí Mùsùlùmí kò bá pọ̀ tó tí ohùn wọn yóò fi dé etí rẹ̀.

Lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn, ọ̀sà ni ọ̀nà tó so Àgbádárìgì mọ́ Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ní Àjàṣẹ́ ni mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935, tí ojú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí pé àwọn Àgùdà ló mú iṣẹ́ ọnà náà bọ̀. Ẹbí, òwò àti ìmọ̀ ń gba orí omi yìí kọjá kí àwọn òyìnbó tó la ààlà sáàárín. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ibereko kò dá a sílẹ̀ sórí ilẹ̀ òfìfo. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni láti ṣa ìtàn kẹta yìí jọ.

Wàláà, tàdáwà àti ogún ààfáà

Kí ilé-ẹ̀kọ́ alájókòó-sórí-bẹ́ǹṣì tó dé, ilé-kéwú ni ìmọ̀ yìí ń gbé. Ọmọ á jókòó sílẹ̀ níwájú ààfáà pẹ̀lú wàláà onípákó, á ti kálámù bọ tàdáwà, á kọ ẹsẹ̀ Kùránì, á máa kà á sókè títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà á fọ wàláà náà, á kọ òmíràn. Tó bá parí, ẹbí á ṣe wòlímọ̀, àwọn ará àdúgbò á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á sì gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ké e. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìmọ̀ sí i á kọjá sọ́dọ̀ ààfáà àgbà láti ka gírámà Lárúbáwá àti òfin ẹ̀sìn ní ìlànà Màlíkì, irú bí Rísálà Ibn Abi Zayd. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dà kọ ló ń di ìwé tirẹ̀, àlàyé olùkọ́ rẹ̀ á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé.

Ẹ̀gbẹ́ ojú-ewé yẹn ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó bá ń wá àṣà Yorùbá. Níbẹ̀ ni ààfáà ti ń fi háráfù Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá láti ṣàlàyé ohun tí ó ń kọ́ni. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ, gbèsè, ewé àti egbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn, lẹ́tà sí ààfáà ìlú mìíràn, àti orúkọ àwọn olùkọ́ tí ìmọ̀ gba ọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Ìlọrin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sheikh Badamasi Agbaji fi èdè Yorùbá ṣe wákà láti fi kọ́ àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá ní ẹ̀sìn wọn. Ewì tó ń kọ́ni ní ẹ̀sìn ni, ó sì jẹ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá tó dúró fúnra rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ tí orúkọ Yorùbá ti fara hàn, Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, ló kọ ọ́ ní 1615, nígbà tí wọ́n bi í léèrè irú ẹni tí òfin Ìsìláàmù gbà kí a kó lẹ́rú àti ẹni tí kò gbà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń kọjá ní ọjà Vlekete mọ èyí: ọ̀rọ̀ ẹrú ló gbé orúkọ wa wọnú ìwé náà, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan sì ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn pé kò sí ẹ̀tọ́ láti kó Mùsùlùmí òmìnira lẹ́rú, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí òwò náà tó gbóná ní etíkun wa.

Agbára ilé-kéwú ni pé ènìyàn ló ń gbé ìmọ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́. Àìlera rẹ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀. Bí ààfáà bá kú, ìwé rẹ̀ di ogún. Bí ọmọ tó jogún rẹ̀ bá kàwé, ìwé náà rí ilé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ awakọ̀ tàbí oníṣòwò tí kò lè ka Lárúbáwá, yóò bọ̀wọ̀ fún ìwé náà, yóò dì í mọ́ inú aṣọ, yóò gbé e sórí àjà. Ikán kò mọ ọ̀wọ̀. Láàárín ìran méjì, ohun tí bàbá àgbà fi ogójì ọdún kọ á ti di eruku, kò sì ní sí ẹni tó ṣe é ní ìkà. Ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó lè kà á ni kò sí.

Ìwé tí ọlọ́pàá Bahia kó pamọ́

Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun lọ wo àpẹẹrẹ kan tó kan etíkun wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní 1835, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń parí lọ, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde sí ìjọba ní ìlú Salvador ní Bahia, Brazil. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Malê, ìyẹn ìmàle wa, ló ṣáájú wọn. Àwọn Nagô, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah wà lára èbúté tí wọ́n ti ń kó irú wọn kọjá.

Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá tú ilé wọn wò, ìwé Lárúbáwá ni wọ́n bá: ẹsẹ̀ Kùránì, àdúrà, iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ háráfù, àti tírà tí wọ́n so mọ́ra. Ojú àwọn ọlọ́pàá kò gbà á. Wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ni ète ogun, wọ́n sì kó o mọ́ ìwé ẹjọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ fi wà di òní nínú àkójọ ìwé ìjọba ní Bahia, tí àwọn onímọ̀ ti kà wọ́n, tí wọ́n sì ti kọ ìwé lé wọn lórí. Ọ̀tá ló fi ẹ̀rù tọ́jú ohun tí àwọn tó ni ín fi ìfẹ́ kọ.

Ìwé wọ̀nyí kò kú, ṣùgbọ́n ilé-kéwú tó bí wọn kú. Wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà, ìwé Lárúbáwá sì di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́. Bí ìran ṣe ń rọ́pò ìran, ìmọ̀ náà tán díẹ̀díẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé pípa ìwé mọ́ àti títọ́jú ìmọ̀ yàtọ̀ síra. Ilé ìjọba lè ṣe ti àkọ́kọ́ fún igba ọdún. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè ṣe èkejì.

Àgége, Ìlọrin, Ìbàdàn

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, àwọn ààfáà fúnra wọn ti rí i pé ilé-kéwú àtijọ́ nílò àtúnṣe. Ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923 láti kọ́ ọmọ Mùsùlùmí ní ẹ̀kọ́ ìwé láìjẹ́ kí ẹ̀sìn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní Ìlọrin, Sheikh Kamaldeen Al-Adabi dá ẹgbẹ́ Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní 1942, ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá Adabiyyah tí wọ́n gbé kalẹ̀ sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ààfáà tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tó sún mọ́ ohun tí à ń wá jù lọ ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory. Ọdún 1917 ni wọ́n bí wọn ní Wasa, nílẹ̀ tí a ń pè ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ààfáà Yorùbá, wọ́n dé Al-Azhar ní Cairo ní 1946, wọ́n sì padà wá dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí à ń pè ní Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952. Ní 1955 ni wọ́n gbé e lọ sí Àgége. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ rí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tó ní kíláàsì, bẹ́ǹṣì, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí. Àwọn ọmọ Markaz dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ káàkiri, títí dé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti rò pé Lárúbáwá lè dé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa Sheikh Adam ni pé wọn kò ya ìmọ̀ ẹ̀sìn kúrò lára ìtàn àwọn èèyàn wọn. Ní 1950 wọ́n ti tẹ ìwé jáde lórí Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti Uthman dan Fodio. Wọ́n kọ lórí ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá, wọ́n kọ lórí àwọn gbajúgbajà onímọ̀ Ìlọrin, wọ́n sì ní ilé ìtẹ̀wé ní Àgége tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka gírámà ń fi ìtàn ìlú rẹ̀ kọ́ ọ. Markaz fi hàn pé olùkọ́ tó ń kọ̀wé, tó sì ń tẹ̀wé, lè sọ àṣà di ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́. Ohun tó kù ni pé púpọ̀ nínú ìwé wọn wà ní Lárúbáwá, ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ Lárúbáwá kò sì lè jàǹfààní wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi ọdún mẹ́wàá túmọ̀ ìwé ìtàn wọ̀nyẹn sí Yorùbá tó dán mọ́rán ti ṣe iṣẹ́ tí ìran mẹ́ta yóò dúpẹ́ lé.

Yunifásítì Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1964, John Hunwick dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ níbẹ̀. Ètò wọn ni láti yá ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí wọ́n ya á sí fíìmù, kí wọ́n sì dá a padà. Ọ̀nà yìí tọ̀nà, torí pé wọn kò gba ogún ẹnikẹ́ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé fíìmù wà ní yunifásítì, ìwé wà ní ilé ààfáà, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú tó ń gbé lágbo ilé kan náà pẹ̀lú ìwé yẹn kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti yà á rí.

Lọ́dọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete, ibùdó kan wà fún ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wọ agbo ilé lọ wá ìwé tó wà nílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ibùdó náà fi ìwé àti àṣà sí ojú kan, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Etíkun Èkó kò tíì ní irú rẹ̀.

Ibi tí ilé wà, àti ewu tó wà níbẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ gbé abúlé èdè Faransé kalẹ̀ sí Ajara, ní Àgbádárìgì, nítorí pé ilẹ̀ Benin wà nítòsí. Wọ́n gbé abúlé èdè Lárúbáwá sí Ngala ní Borno, nítorí ààlà Chad àti Cameroon. Ìrònú náà dára, ṣùgbọ́n ní 2014 Ngala bọ́ sọ́wọ́ Boko Haram. Abúlé Faransé wà ní Ajara, ẹ̀gbẹ́ Ibereko, tí akẹ́kọ̀ọ́ láti yunifásítì gbogbo ń wọ́ wá. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Lárúbáwá kò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Timbuktu kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ewu tó le jùyẹn lọ. Ní 1973 ni wọ́n dá ibùdó Ahmed Baba sílẹ̀ níbẹ̀ láti kó ìwé àfọwọ́kọ jọ. Ní 2012 àwọn ológun agbawèrèmẹ́sìn gba ìlú náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013 wọ́n sì dáná sun ìwé tàbí kó o lọ, tó bí 4,000, kí wọ́n tó sá. Ohun tó gba èyí tó kù là ni pé àwọn ìdílé onílé-ìkàwé, pẹ̀lú Abdel Kader Haidara lára àwọn tó ṣáájú, ti fi àpótí irin kó ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé lọ sí Bamako ní kọ̀rọ̀, lórí kẹ̀kẹ́, mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó mọ iye ìwé wọn ló gba ìwé wọn là. Ilé kan ṣoṣo kò yẹ kó dá ru ìṣúra gbogbo ìlú.

Àṣà wo là ń tọ́jú?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gbóná ni ibi tí a bá ti dárúkọ àṣà. Àwọn kan láàárín àwa Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé títọ́jú àṣà yóò mú ẹbọ wọlé padà. Àwọn kan níta sì ń sọ pé Ìsìláàmù ló pa àṣà Yorùbá, pé Mùsùlùmí kò ní ohun tó lè tọ́jú. Ní 2023, awuyewuye lórí ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin fi hàn bí inú ṣe lè bàjẹ́ tó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Èmi gbà pé ẹni tó ń ṣe Ìṣẹ̀ṣe ní ẹ̀tọ́ láti tọ́jú tirẹ̀ ní àlàáfíà, Mùsùlùmí Yorùbá náà sì ní àṣà tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wò ó. Wákà wà, tí àwọn obìnrin gbé ga dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù. Wéré wà, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, tí Sikiru Ayinde Barrister sọ di fújì tí gbogbo ayé ń jó sí. Oríkì ìdílé àwọn lémọ́ọ̀mù wà. Ọ̀nà tí à ń gbà sọmọ lórúkọ, tí ọmọ fi ń jẹ́ Rasaki tó sì ń jẹ́ Àjàní, wà. Ìwàásù tó kún fún òwe wà, àti ẹjọ́ tí ààfáà dá láàárín tọkọtaya kí wọ́n tó dé kóòtù. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ẹbọ? Gbígba ohùn orin sílẹ̀ kò sọ ẹni tó gbà á di olórin. Kíkọ ìtàn sílẹ̀ kò sì sọ òǹkọ̀wé di abọ̀rìṣà.

Ní etíkun Àgbádárìgì, àwọn Ògù ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Àwórì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi Yorùbá Èkó nìkan ṣe ohun gbogbo ti fi ìdajì ìlú sílẹ̀. Ìwàásù ní èdè Ògù, àdúrà ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe ní Ògù, ìtàn bí ìdílé Ògù kan ṣe gba ẹ̀sìn náà: gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wọ inú àkójọ.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó yẹ kó dùn wá. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Kùránì jáde lédè Yorùbá ni M. S. Cole, ní Èkó ní 1906, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì sì ni. Ó di àwọn ọdún 1970 kí ìtumọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí Yorùbá jọ fọwọ́ sí tó jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Cole. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àlejò yóò ṣe é, àlejò ni yóò sì yan ọ̀rọ̀ tí a ó fi máa ka ìwé wa.

Ohun tó yẹ kí Ibereko ṣe

Bí a bá pa gbogbo èyí pọ̀, iṣẹ́ tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ ní etíkun yìí hàn kedere.

Kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé àti kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé ààfáà láti Ibereko dé Àjàṣẹ́, kí wọ́n kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ètò Endangered Archives ti British Library, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń fi owó ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ìlànà rẹ̀ sì ni pé ìwé gan-an kò gbọ́dọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìdílé tó bá wù lè sọ ìwé rẹ̀ di wàkáfù, ìyẹn ohun tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run, kí ilé-ẹ̀kọ́ máa tọ́jú rẹ̀ lórúkọ bàbá wọn títí láé. Kí àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jìnnà sí òkun.

Kó mọ ọ̀tá tó wà nítòsí. Afẹ́fẹ́ òkun ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin, òjò Àgbádárìgì pọ̀, bébà sì máa ń hu funfun kó tó jẹrà. Ìwé kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Yàrá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó ń kọjá, kí oòrùn má sì ta sí i. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò fún ikán lóṣooṣù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá lẹ ojú ìwé àtijọ́ pa nítorí kó lè dán. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń ṣe púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Àbójútó ló gbà.

Kó fi ìwé ìlú kọ́ ọmọ ìlú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má gba ìwé-ẹ̀rí láìjẹ́ pé ó ka ìwé àfọwọ́kọ kan láti agbègbè yìí, kó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Ògù, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú ìdílé tó ni ín. Kí wọ́n kọ́ kíka Yorùbá tí wọ́n fi háráfù Lárúbáwá kọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ gidi. Kí wọ́n sì tún ṣe ìdánwò NBAIS, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù, kí ọmọ tó parí lè wọ yunifásítì láìtún ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kó gba ohùn àwọn obìnrin. Ní Sokoto, Nana Asma'u, ọmọ Uthman dan Fodio, tó gbé ayé láti 1793 sí 1864, fi ewì kọ́ àwọn obìnrin abúlé, ó sì kó olùkọ́ obìnrin jọ láti máa gbé ẹ̀kọ́ náà kiri. Lọ́dọ̀ wa, ìyá àgbà tó mọ wákà ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn lórí, àti ẹgbẹ́ àsàlátù tó ń kọ orin tirẹ̀, jẹ́ ìwé tó ń mí. Bí a bá dúró di ọdún tó ń bọ̀, àwọn kan nínú wọn kò ní sí mọ́.

Kó sì ní ohun tí yóò máa bọ́ ọ lẹ́yìn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ló gbára lé àgbà kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó bá kú, ilé-ẹ̀kọ́ a di ìjà ọmọ. Wàkáfù tó ń mówó wọlé, ìgbìmọ̀ tí ìdílé kan kò lè dá ní, àti ìṣirò owó tí gbogbo èèyàn ń rí lọ́dọọdún, ni yóò mú kí ilé náà dúró.

Àwa tí a kò ní lè dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ náà ní iṣẹ́. Bí ìwé Lárúbáwá bá wà nínú ogún bàbá rẹ, má sun ún, má tà á fún àjèjì, má sì fi í sórí àjà. Gbé e lọ fún ẹni tó lè kà á, jókòó tì í, kó kà á sí ọ létí, kí o sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì dìde ní Ibereko lọ́la, ẹ má fi gíga mínárẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ẹ má sì fi iye àpótí tó wà nínú rẹ̀ ṣe é. Ẹ béèrè iye ọmọ Ibereko, ọmọ Ajara àti ọmọ Gberefu tó lè ṣí ìwé tí ààfáà àdúgbò wọn kọ, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ ohun tó wí. Bí iye yẹn bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, a ti tọ́jú nǹkan.